Òótọ́ àbí Irọ́? Ohun Tí Èsì Eré Sísá Àwọn Ọkùnrin Áfíríkà Sọ, àti Ohun Tí A Fi Ẹnu Kún Un

Ìdíje eré sísá ilẹ̀ Áfíríkà kì í tíì tán tí àríyànjiyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni ka èsì náà tán. Ẹnìkan á rí orúkọ kan àti nọ́ńbà kan lórí WhatsApp, ó ti parí: "Àwọn ọmọ yìí ò lè sáré mọ́," tàbí "Kẹ́ńyà ti tún kó gbogbo ẹ̀ lọ." Ìwé èsì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ipò, orúkọ, orílẹ̀-èdè, àkókò, bóyá agbára atẹ́gùn, ó tán. Àlàfo tó ṣẹ́kù, ẹnu wa ló ń dí i, ibẹ̀ sì ni irọ́ ti ń rí ọ̀nà wọlé.

Ìdíje tí mo ń sọ ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Dakar ní 1979, tó dé Èkó ní 1989, Àjàṣẹ́ ní 2012 àti Asaba ní 2018. Ti àwọn ọkùnrin ni mo mú, nítorí òun ni wọ́n ń torí ẹ̀ pariwo jù nílé onígẹ̀run.

"Àwa la ni mítà 100 ní Áfíríkà"

Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àná la ń sọ.

Gánà ló tilẹ̀ kọ́kọ́ gbà á. Ernest Obeng ló borí ní Dakar, ní ìdíje àkọ́kọ́. Chidi Imoh dé ní àárín àwọn ọdún 1980, ó sọ ọ́ di ti Nàìjíríà, àwọn mìíràn sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìdíje náà padà sí Dakar ní 1998, Ṣeun Ògúnkọ̀yà sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.94. Ẹ má fojú kékeré wo nọ́ńbà yẹn o. Fún ọdún 24 gbáko, kò sí ọkùnrin tó sá a yá ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdíje yìí. Aziz Zakari gbà á padà fún Gánà ní 2000, àmọ́ kò pẹ́ tí Olúsọjí Fasuba fi dé. Ó gba wúrà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra: Brazzaville ní 2004, Mauritius ní 2006, Addis Ababa ní 2008. Láàárín ìyẹn náà ló sá 9.85 ní Doha ní oṣù Karùn-ún 2006, èyí tó di rẹ́kọ́ọ̀dù gbogbo Áfíríkà.

Ó dáa. Lẹ́yìn Addis Ababa ńkọ́? Ben Youssef Meïté ti Côte d'Ivoire ló gba ti 2010. Simon Magakwe ti Gúúsù Áfíríkà gba ti 2012. Hua Wilfried Koffi, Côte d'Ivoire bákan náà, gba ti 2014, ó sì fi mítà 200 kún un. Meïté tún gba ti 2016 ní Durban pẹ̀lú 9.95. Akani Simbine ti Gúúsù Áfíríkà gba ti 2018, Ferdinand Omanyala ti Kẹ́ńyà gba ti 2022. Ìdíje mẹ́fà nìyẹn, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan níwájú. Ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wáyé ní Àjàṣẹ́, tí kò jìnnà sí Sẹ̀mẹ̀ rárá. Òmíràn sì wáyé ní Asaba, nínú ilé wa gan-an.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé Fasuba ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù Áfíríkà. Ó ni ín fún ọdún 15. Simbine fọ́ ọ ní Hungary ní oṣù Keje 2021 pẹ̀lú 9.84. Inú Simbine kò tíì dùn tán tí Omanyala fi sá 9.77 ní Nairobi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé àwa la ni mítà 100, ọdún 2008 ló ṣì ń gbé.

"Filbert Bayi na Kipchoge Keino ní Èkó, níbi ìdíje eré sísá Áfíríkà"

Ó nà án lóòótọ́, Èkó náà ni, nínú mítà 1500. Ṣùgbọ́n 1973 nìyẹn, ìdíje tí a ń sọ yìí kò sì tíì sí láyé. Eré Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ṣe ní Èkó lọ́dún náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Brazzaville ní 1965, tó kó bọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àti ọ̀pọ̀ eré mìíràn mọ́ra. Ọ̀tọ̀ ni ti ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ìdíje eré sísá nìkan. Àwọn tó ń da èsì méjèèjì pọ̀ ló ń fi wúrà tí ẹnìkan kò gbà kún tirẹ̀.

"Wúrà pẹ̀lú 10.25? Ìdíje yẹn ò le"

Irọ́ ni, òun ló sì ń bí mi nínú jù nínú gbogbo wọn.

10.25 ni Simbine fi gba wúrà ní Asaba. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, ó ti fi 10.03 gba wúrà àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní Ọsirélíà. Ní 2016, ó ti sá 9.89. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò lè sáré. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe dé Asaba. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ síbẹ̀ kò tó, ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá há sí pápákọ̀ òfuurufú Èkó fún wákàtí gbọọrọ, àwòrán àwọn tó sùn sórí ilẹ̀ níbẹ̀ sì kún orí ẹ̀rọ ayélujára. Irú wọn ló wá bọ́ sórí pápá, tí ẹni tó jókòó nílé ń béèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi sá 9.8.

Ti àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn tún yani lẹ́nu jù. Jemal Yimer, ará Ethiópíà, gba mítà 10,000 ní Asaba pẹ̀lú 29:08.01. Rẹ́kọ́ọ̀dù ayé nígbà náà, tí Kenenisa Bekele ará ìlú rẹ̀ sá ní Brussels ní 2005, jẹ́ 26:17.53. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣé ọ̀lẹ ni Yimer? Bekele fúnra rẹ̀ gba mítà 5,000 ìdíje yìí ní Addis Ababa ní 2008, àkókò rẹ̀ sì fi ohun tó ju ìṣẹ́jú kan lọ pẹ́ ju rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ. Wúrà ló wá, ó sì gbé wúrà lọ sílé.

Ìdí rẹ̀ rèé. Níbi tí wọ́n ti ń wá rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n máa ń sanwó fún ẹnìkan láti ṣíwájú, kí ó fa àwọn yòókù sáré títí dé ìdajì ọ̀nà kó tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ìdíje bí èyí, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣíwájú kó máa gé atẹ́gùn fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á máa ṣọ́ ara wọn, wọ́n á rọra sá yípo ogún, ogun gidi á wá bẹ́ nínú yípo tó kẹ́yìn. Ipò ni ìdíje ń wá, kì í ṣe àkókò. Òòrùn oṣù Kẹjọ ní Asaba náà kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan wà tó sọ gbogbo àlàyé yìí di asán: David Rudisha. Ní Nairobi ní 2010, ó sá mítà 800 ní 1:42.84. Nairobi ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 1,600. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, èémí kì í tètè kún àyà, ẹni tó ń sá yípo méjì sì gbọ́dọ̀ mí. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ayé ní Berlin pẹ̀lú 1:41.09, ọ̀sẹ̀ kan péré ó tún fọ́ tirẹ̀ ní Rieti ní Ítálì pẹ̀lú 1:41.01. Ẹni tó bá ka èsì Nairobi dáadáa ti lè fura pé nǹkan ń bọ̀.

Afẹ́fẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ yìí kan náà, ọ̀rẹ́ ẹni tó ń sá mítà 100 ni. Kò pẹ́ lórí pápá tó fi máa wá èémí, ohun tó ń dí i lọ́nà níwájú sì ti dín kù. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìlú gíga ń ran gbogbo eléré lọ́wọ́. Ó ń gbé àwọn kan, ó ń fún àwọn kan lọ́rùn. Wọ́n sì ń gba rẹ́kọ́ọ̀dù ibẹ̀ wọlé. Nairobi ni Omanyala ti sá 9.77. Ohun tí wọn kì í gbà ni atẹ́gùn tó bá ti ènìyàn lẹ́yìn ju mítà 2.0 lọ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tyson Gay ti Amẹ́ríkà sá 9.68 ní Eugene ní 2008, atẹ́gùn jẹ́ 4.1, wọ́n kàn ṣàtẹ́wọ́ fún un ni. Ti Tóbi Amúsàn náà wà níbẹ̀, nínú mítà 100 onídìínà. Ti obìnrin ni, mo mọ̀, àmọ́ kò sí Yorùbá tí kò rí i: ní 2022, 12.12 tó sá ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ni rẹ́kọ́ọ̀dù ayé, 12.06 tó fi gba wúrà lálẹ́ ọjọ́ kan náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí atẹ́gùn 2.5. Wúrà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá. Atẹ́gùn lè gba rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ènìyàn, kò lè gba ipò.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sá 10.3 níléèwé, díẹ̀ ló kù kó bá Simbine"

Ẹ kí ọmọ náà fún mi. Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ tíṣà ni wọ́n fi wọn ọ́n. Tíṣà dúró níbi ìparí, ó ń wo èéfín ìbọn tàbí àsíá ní ìkángun kejì, àtàǹpàkò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó tẹ aago. Bí èyí ṣe ń pẹ́ ni àkókò ọmọ ń dáa sí i. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi 0.24 kún àkókò aago ọwọ́ nínú mítà 100 kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ. 10.3 ti di 10.54 nìyẹn, a kò sì tíì béèrè ẹni tó wọn pápá iléèwé náà, ṣé ó pé 100.

"Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ kọjá ìlà ló borí"

Irọ́. Àgọ́ ara ni wọ́n ń wò. Orí kò sí níbẹ̀, ọrùn kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni apá àti ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń na àyà síwájú tí wọ́n bá dé ìlà. Ní Paris ní 2024, ẹsẹ̀ Kishane Thompson ti Jàmáíkà ti kọjá ìlà kí ti Noah Lyles tó kọjá, síbẹ̀ Lyles ló gba wúrà Òlíḿpíìkì, nítorí àyà rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé: 9.784 sí 9.789. Tiwa náà ṣẹlẹ̀ ní Mauritius ní 2022. Nínú èsì, 9.93 ni wọ́n kọ síwájú Omanyala, 9.93 ni wọ́n kọ síwájú Simbine. Ọ̀pọ̀ ló rò pé wọ́n ṣàṣìkọ ni. Rárá o. Kámẹ́rà tó ń ya ìlà náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, 9.93 yẹn náà ló sì gba ipò lọ́wọ́ 9.94 Ògúnkọ̀yà nínú ìwé ìdíje.

Àti pé ẹni tó gbéra lẹ́yìn tí ìbọn dún, ṣé kò jẹ̀bi? Ó lè jẹ̀bi. Tó bá gbéra kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá tó pé lẹ́yìn ìbọn, wọ́n gbà pé kò dúró gbọ́ ọ, ńṣe ló sọ àsọtẹ́lẹ̀. Devon Allen ti Amẹ́ríkà gbéra ní 0.099 ní Eugene ní 2022, wọ́n ní kó máa lọ. Láti 2010, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, kò sí ìkìlọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Usain Bolt ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Daegu ní 2011.

"Kẹ́ńyà ló ni ọ̀nà jíjìn, àwa la ni eré kúkúrú, ohun tó kù kò kan ẹnì kankan"

Omanyala ti ba ìdajì rẹ̀ jẹ́. Julius Yego ba ìdajì kejì jẹ́. Kẹ́ńyà ni Yego ti wá, ọ̀kọ̀ ló ń jù. Ó kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ látinú fídíò YouTube, nítorí kò sí olùkọ́ ọ̀kọ̀ jíjù nítòsí rẹ̀. Ó gba wúrà Áfíríkà ní Àjàṣẹ́ ní 2012, ó tún gbà á ní Asaba. Láàárín méjèèjì, ní Beijing ní 2015, ó ju ọ̀kọ̀ dé mítà 92.72, ó di akọni gbogbo ayé. Akọni ayé mítà 400 onídìínà náà lọ́dún yẹn, Nicholas Bett, ọmọ Kẹ́ńyà ni.

Ní tiwa, ibi tí ojú kì í tó ni wúrà wà. Chukwuebuka Enekwechi ju òkò irin dé mítà 21.08 ní Asaba, ó gba wúrà, mélòó nínú wa ló mọ orúkọ rẹ̀? Tósìn Òkè, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti ń fò fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ kó tó padà wọ aṣọ Nàìjíríà, gba wúrà ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta ní Nairobi ní 2010 àti ní Àjàṣẹ́ ní 2012. Ó tún gba ti Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní Delhi láàárín méjèèjì. Ìwé ìròyìn wa fi gbogbo ojú ewé ṣọ̀fọ̀ mítà 100 tí a kò gbà, ó fi ìlà méjì kí Òkè. Nínú ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta yìí kan náà ni Burkina Faso, orílẹ̀-èdè tí kò létí òkun, ti rí Hugues Fabrice Zango. Ó gba wúrà Áfíríkà ní Asaba, ó fò mítà 18.07 nínú ilé ní Faransé ní 2021, rẹ́kọ́ọ̀dù ayé, ó sì di akọni ayé ní Budapest ní 2023.

"Èsì Éṣíà àti Yúróòpù kò kàn wá"

Àbọ̀ òótọ́. Ẹ wo ìdíje Éṣíà ní Wuhan ní Ṣáínà ní 2015. Ẹni tó gba mítà 100 àwọn ọkùnrin pẹ̀lú 9.91, rẹ́kọ́ọ̀dù Éṣíà nígbà náà, ni Fẹ́mi Ogunode. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni wọ́n bí i sí. Qatar ló sá a fún. Ẹ tún wo ti Yúróòpù ní Barcelona ní 2010: Phillips Ìdòwú ló gba ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta fún Bìrìtéènì pẹ̀lú mítà 17.81. Ẹ padà sẹ́yìn sí Athens ní 1982 àti Stuttgart ní 1986, ẹni tó gba ìdíje oníṣẹ́ mẹ́wàá ni Daley Thompson. Francis Morgan Ayọ̀délé Thompson ni wọ́n sọ ọ́, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Scotland.

Àmọ́ kí a má sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe. Orúkọ ni a lè fi yangàn, àmì-ẹ̀yẹ kì í ṣe tiwa. Orílẹ̀-èdè tó bọ́ eléré, tó san owó olùkọ́ rẹ̀, tó tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó fi pa, òun ni wọ́n ń kọ orin rẹ̀. Èmi ò rí àléébù nínú ìyẹn.

"Èsì tó bá ti jáde, ó ti jáde"

Irọ́ ńlá. Ní Munich ní 2002, Dwain Chambers ti Bìrìtéènì ló kọ́kọ́ kọjá ìlà nínú mítà 100 Yúróòpù. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn, wọ́n fagi lé èsì rẹ̀, wúrà sì di ti Francis Obikwelu, ọmọ tí wọ́n bí ní Onitsha, tó ti ṣe iṣẹ́ lébìrà níbi ilé kíkọ́ ní Pọ́túgà kó tó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ní 2006, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba mítà 100 àti 200 pọ̀ ní Gothenburg, kò dúró de ìjẹ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tiwa tó jọ ọ́ jù kì í ṣe ti ìdíje Áfíríkà, ti Òlíḿpíìkì ni, kò sì ṣeé fò. Ní Sydney ní 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong gba fàdákà nínú mítà 400 ẹlẹ́ni mẹ́rin lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Èyí kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2008, Antonio Pettigrew tó sá fún Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun ti lo oògùn. Ní oṣù Keje 2012, àjọ Òlíḿpíìkì gbé wúrà fún Nàìjíríà. Bada, tó ti jẹ́ akọni ayé mítà 400 nínú ilé ní 1997, kú ní oṣù Kejìlá 2011. Ẹni tó bá mú ìwé èsì Sydney ti 2000 jáde lónìí láti fi jiyàn, ìwé tí wọ́n ti fagi lé ló mú lọ́wọ́.

"Orílẹ̀-èdè tó bá kó àmì-ẹ̀yẹ púpọ̀ jù ló ń ṣe ipò kìíní"

Irọ́, ó sì yára láti fi hàn. Ní Asaba, tí a bá ka ti ọkùnrin àti ti obìnrin pọ̀, Gúúsù Áfíríkà kó àmì-ẹ̀yẹ 30, Kẹ́ńyà kó 19. Kẹ́ńyà ni wọ́n kọ sókè, nítorí wúrà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà, 11 sì ju 9 lọ. Nàìjíríà náà ní wúrà 9 bíi Gúúsù Áfíríkà. Fàdákà ni wọ́n wá fi yà wọ́n: wọ́n ní 13, a ní 5. Bí a ṣe di ẹlẹ́kẹta nílé ara wa nìyẹn.